Ta Ló Ni Gọ́tà Yìí? Bí Nàìjíríà Ṣe Pín Ìlú àti Abúlé, àti Àwọn Tó Ń Ṣàkóso Wọn

Ní òpópónà tí mò ń gbé n'Ìbàdàn, ìjọba ìbílẹ̀ kan ló ni ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn ló ni ọwọ́ òsì. A ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gọ́tà ló jẹ́ ká mọ̀. Lọ́dún kan tí òjò rọ̀ gan-an, ìdọ̀tí dí gọ́tà pa, omi ń ya wọ yàrá, làwọn onílé àti ayálégbé bá pawọ́ pọ̀ kọ lẹ́tà, wọ́n ní kí èmi àti bàbá àgbàlagbà kan mú un lọ sí káńsù. Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ wa kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ ibo ni gọ́tà yìí wà?" A ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan ló kan àwọn, ká gbé ti ìkejì lọ bá àwọn tó ni ín. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣebí Ìbàdàn náà ni gbogbo ẹ̀?"

Ìbàdàn náà ni. Àmọ́ Ìbàdàn kò ní káńsù tirẹ̀. Àwọn tó ti gbé òkè òkun rí a máa béèrè pé ta ni méyọ̀ ìlú yìí, ọ́fíìsì rẹ̀ dà? Kò sí méyọ̀. Alága mọ́kànlá ló wà, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n pín Ìbàdàn sí. Márùn-ún wà láàárín ìgboro: Àríwá, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Mẹ́fà yí ìgboro ká: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Kò sí alága tó jẹ́ ọ̀gá fún èkejì, kò sì sí ọ́fíìsì kan tó pa gbogbo wọn pọ̀ ṣoṣo, àyàfi ti gómìnà. Gómìnà yẹn náà, gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń wò, láti Mọ́níyà dé Ṣakí.

Orúkọ Ìbàdàn wà nínú ìwé òfin ọdún 1999 lóòótọ́, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni, ó tán síbẹ̀. Ní ti ìṣàkóso, ìwé òfin yẹn kò mọ ìlú ńlá, kò mọ ìletò, kò mọ abúlé. Ohun mẹ́ta ló mọ̀: ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀, àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá di èyí mú, ọ̀pọ̀ ohun tó ń dà á láàmú nípa ìjọba ilẹ̀ wa yóò yé e.

Bí àwa ṣe ń to ìlú

Yorùbá kì í fi iye orí wọn ìlú. Ìlú tí ọba rẹ̀ ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀ ni ìlú aládé. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìlú tí olórí rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú adé bẹ́ẹ̀. Láwọn ibì kan ọlọ́jà ni wọ́n ń pè é. Lábẹ́ wọn ni ìletò àti abúlé tí baálẹ̀ ń darí, baálẹ̀ á sì máa jíṣẹ́ fún ọba tó fi í jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni abà, ibi tí àgbẹ̀ ń sùn sí lásìkò iṣẹ́ oko. Ilé rẹ̀ gan-an wà nílùú. Ibẹ̀ ló ti ń ṣọdún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé òkú rẹ̀ lọ sin.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ yìí pè. Baálẹ̀, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ níparí, ni olórí abúlé. Baálé, tí ohùn rẹ̀ lọ sókè, ni olórí ilé. Mo ti rí ìwé ìpè ìnáwó tí wọ́n ti fi àmì ohùn kan ṣoṣo sọ olórí odindi abúlé di bàbá onílé.)

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ló fi hàn jù pé títóbi kọ́ ni wọ́n fi ń ka ipò. Ìlú tí jagunjagun rẹ̀ da ilẹ̀ Yorùbá rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, baálẹ̀ ni olórí rẹ̀ ń jẹ́, nítorí ibùdó ogun ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìlú tí ọmọ ọba gbé adé wá tẹ̀ dó. Ọdún 1936 ni oyè náà tó di Olúbàdàn. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1952, Ìbàdàn ló tóbi jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà, ó ní èèyàn bí 459,000, nígbà tí Èkó kò tíì pé 270,000. Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ tún gbé àwọn àgbà ìjòyè inú ìgbìmọ̀ Olúbàdàn ga, wọ́n di ọba aládé. Ọ̀rọ̀ náà gbóná nílùú. Ẹni tó ń ko gọ́tà kò yí padà.

Kò lè yí padà, nítorí ìwé òfin 1999 kò yan iṣẹ́ ìṣàkóso kankan fún ọba. Òfin oyè ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń jọba, ìdílé tó kàn, àti àwọn afọbajẹ tó ń yàn án. Gómìnà ló sì ń fọwọ́ sí i kó tó gba ọ̀pá àṣẹ. Owó oṣù ọba, láti àpò ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i: ọba tí alága kan ń wólẹ̀ kí láàárọ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀ lè wà lórí tábìlì alága yẹn lọ́sàn-án. Agbára ọba kò parẹ́ o. Ó ń parí ìjà ilẹ̀, ó ń fi baálẹ̀ jẹ, ó ń pe gómìnà kí gómìnà sì dáhùn. Ṣùgbọ́n agbára tí àwọn èèyàn bọ̀wọ̀ fún ni, kì í ṣe èyí tí ìwé òfin fún un.

Ìgbà tí méyọ̀ wà

Nàìjíríà ti fi òfin to ìlú rí. Ní 1917, lásìkò Lugard, òyìnbó tó jẹ́ gómìnà àgbà Nàìjíríà, wọ́n ṣe òfin kan tó pín àwọn ìlú tí òyìnbó àti oníṣòwò pọ̀ sí ìpele mẹ́ta. Èkó nìkan ló wà ní ìpele kìíní. Port Harcourt àti irú rẹ̀ wà ní ìpele kejì, àwọn kéékèèké sì wà ní ìkẹta. Ìlú tí kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọba tàbí ìjòyè ibẹ̀ ni òyìnbó ń gbà ṣàkóso rẹ̀.

Nígbà tó di 1950, Èkó ní méyọ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ Ibiyinka Olorun-Nimbe. Òun ni àkọ́kọ́, òun náà sì ni ìkẹyìn, nítorí pé ní 1953 wọ́n pa ipò náà rẹ́. Ohun tó fà á ni òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1952, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀. Èkó sì wà lábẹ́ agbègbè náà lọ́jọ́ yẹn. Òfin yẹn to káńsù ní ìpele mẹ́ta, láti èyí tó ń wo odindi ẹkùn dé èyí tó ń wo ìlú kékeré kan ṣoṣo. Ìlà-Oòrùn ní tiwọn ṣì ní méyọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ní Port Harcourt àti Enugu. Ó máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní pé Umaru Altine, Fúlàní ọmọ Sókótó, ni àwọn ará Enugu yàn ṣe méyọ̀ wọn láwọn ọdún 1950. Bóyá a ṣì lè rí irú rẹ̀ lóde òní, n ò mọ̀.

Ọdún 1976 ni àwọn ológun pa gbogbo ìpele yẹn rẹ́. Lábẹ́ Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, wọ́n ní irú káńsù kan ṣoṣo ni yóò wà jákèjádò orílẹ̀-èdè: orúkọ kan, òfin kan, iṣẹ́ kan, yálà inú ìgboro Kánò ló wà tàbí inú ìgbẹ́ Kìíṣì. Ìlànà wọn ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èèyàn láti 150,000 dé 800,000, àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Wọ́n dá 301 sílẹ̀. Wọ́n tún ṣèlérí pé láti ìgbà náà lọ, owó yóò máa ti Èkó wá bá wọn, torí Èkó ṣì ni olú-ìlú nígbà yẹn.

Nínú ìpinnu yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè bàbá wà. Bí òfin kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlú àti abúlé, ìlú ńlá yóò di ẹran tí wọ́n ń gé ní ègé, abúlé yóò sì di èyí tí wọ́n ń so mọ́ra ní ìdì. Ìbàdàn tóbi ju káńsù kan lọ, wọ́n gé e. Àwọn ìlú kéékèèké kò tó káńsù kan, wọ́n so wọ́n pọ̀.

774

Nígbà ìjọba alágbádá tó tẹ̀ lé e, àwọn gómìnà ń dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ, wọ́n ju 700 lọ. Àwọn ológun dé lópin 1983, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sí 301. Babangida sọ ọ́ di 449 ní 1989, ó lé ní 580 ní 1991. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pín káńsù ìgboro Ìbàdàn sí márùn-ún. Abacha ló fi ti 1996 kún un tó fi di 774, iye yìí ni wọ́n sì kọ sínú ìwé òfin 1999: ìjọba ìbílẹ̀ 768 nínú ìpínlẹ̀ 36, àti káńsù mẹ́fà ní Àbújá. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ní 137 nínú rẹ̀: Ọ̀yọ́ 33, Ọ̀ṣun 30, Èkó 20, Ògùn 20, Oǹdó 18, Èkìtì 16.

Ọ̀rọ̀ náà máa ń dà bí àwàdà tí ẹ bá fi orúkọ méjì síra. Surulere kan wà ní Èkó, tó kún fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pápá ìṣeré àti ṣọ́ọ̀bù. Surulere kan tún wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, olú-ilé rẹ̀ wà ní Ìrẹsà-Àádù, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, abúlé àti oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lójú òfin, ìbejì ni wọ́n: alága kan, ìgbákejì kan, àwọn káńsẹ́lọ̀, iṣẹ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìfẹ́lódùn ṣe wà ní Ọ̀ṣun, tó tún wà ní Kwárà, tí Ìrẹ́pọ̀dùn sì wà níbi méjèèjì. Irú àwọn orúkọ wọ̀nyí kò kàn ṣàdédé wáyé. Níbi tí ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà nínú káńsù kan, tí kálukú sì fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ tirẹ̀ pè é, orúkọ tó ń bẹ gbogbo wọn ni wọ́n ń fi pa iná ìjà.

Iná náà kì í kú tán nígbà mìíràn. Ibi tí wọ́n bá gbé olú-ilé káńsù sí ni ọ̀dà ń lọ, ni báńkì ń lọ, ni ayálégbé ń wá. Ní 1997, olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù Warri tí wọ́n ṣí kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn ló dá ogun sílẹ̀ láàárín Ìjọ̀ àti Itsẹkírì. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ wà lára ohun tó dá ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ padà. Ẹ̀mí ṣòfò níbi méjèèjì.

Ohun kan tó tún máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni ọ̀rọ̀ "Municipal" tó wà lára orúkọ bíi Kano Municipal, Calabar Municipal tàbí Abuja Municipal. Orúkọ lásán ni. Kò fi agbára kankan kún agbára wọn.

Iṣẹ́ wọn, owó wọn

Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì yẹ kí gbogbo onílé kà á lẹ́ẹ̀kan. Ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, ibi ìsìnkú. Kíkó ìdọ̀tí. Ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà rẹ̀ àti iná ojú pópó. Sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé. Gbígba owó orí ilé. Ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ ètò ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ náà ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú ọgbà káńsù, tó fi jẹ́ pé ìyá ọmọ kì í mọ èwo lèwo. Wọ́n tún ní kí káńsù máa fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi kékeré àti bárò ní ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, bárò tí wọ́n fi ń ru yanrìn. Nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Nítorí náà, ìlú kan ṣoṣo lè ní olówó ọ̀nà mẹ́ta. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ńlá inú ìgboro jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Èyí tó wọ inú àdúgbò yín, ti káńsù ni. Ẹni tó bá ń bú alága nítorí kòtò ojú títì márosẹ̀ ń bú ẹni ẹlẹ́ni.

Owó wá ńkọ́? Nínú owó àpò àjùmọ̀ní tí wọ́n ń pín l'Ábújá lóṣooṣù, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀ ń mú 20.60. Ibi tí ọgbọ́n wà ni bí wọ́n ṣe ń pín 20.60 yẹn láàárín 774: ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n ń pín lọ́gbọọgba, yálà káńsù tóbi tàbí ó kéré. Iye èèyàn kò mú ju ìdá ọgbọ̀n lọ. Ẹ ti rí i: ìlú tí wọ́n pín sí méjì gba ìpín méjì níbi ìdá ogójì yẹn. Ìdí nìyí tí gbogbo ìlú fi ń ké pé kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, ìdí náà sì nìyí tí àwọn ará Èkó fi ń bínú. Ọdún kan náà, 1967, ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó àti Kánò sílẹ̀. Kánò òde òní ní 44, Jígáwà tí wọ́n yọ lára rẹ̀ ní 1991 sì ní 27, àpapọ̀ rẹ̀ 71. Èkó dúró lórí 20. Báyélsà ló kéré jù, mẹ́jọ péré.

Èkó ò dákẹ́. Ní 2003, lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, wọ́n fi 37 kún 20, ó di 57. Ààrẹ Ọbásanjọ́ bá ti ẹnu àpò pa, kò jẹ́ kí owó àwọn káńsù Èkó jáde. Ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìdájọ́ sì jáde lóṣù Kejìlá 2004. Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú owó náà dání. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn 37 tuntun yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé aṣòfin Èkó tẹ̀ lé ìlànà, dà bí oyún tí kò tíì bọ́ sílẹ̀, títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Wọn ò tíì kọ ọ́ sí i dòní. Èkó wá yí orúkọ wọn padà sí ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní LCDA, ìyẹn agbègbè ìdàgbàsókè lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bíi Yábàá, Òjodú àti Ìbà. Wọ́n ní alága, wọ́n ń dìbò, wọ́n ń gba owó ọjà, àmọ́ Àbújá kò mọ̀ wọ́n. Inú ìpín ìjọba ìbílẹ̀ tó bí wọn ni wọ́n ti ń jẹ. Ọ̀yọ́ náà dá 35 irú rẹ̀ sílẹ̀, Èkìtì dá 22. Bí wọ́n bá ní ẹ ń gbé nínú LCDA, ẹ mọ̀ pé òbí wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ òbí yẹn ni yóò sì wà lórí ìwé tí ẹ bá fẹ́ fi hàn l'Ábújá.

Owó tí mo sọ yìí kì í dé ọwọ́ káńsù tààrà, nítorí ìwé òfin ní kí wọ́n kó o sínú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń lò. Gómìnà ló ń mú kọ́kọ́rọ́ àpò náà dání. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lé alága tí wọ́n dìbò yàn, wọ́n á fi àwọn tí wọ́n fẹ́ràn sípò bí alámòójútó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìwà yẹn kò bófin mu: kí owó máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà má ṣe tú káńsù tí aráàlú yàn ká mọ́, káńsù tí kò sì ní àwọn tí wọ́n dìbò yàn kò gbọdọ̀ rí owó gbà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sáré ṣètò ìdìbò lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀ ni, gómìnà ló ń yan àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ sì mọ bí èsì ṣe sábà máa ń rí: ẹgbẹ́ gómìnà á gbá gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn ṣí ilẹ̀kùn àpò, kò tíì ṣí ti àpótí ìbò.

Ibi kan ṣoṣo tí ìlú àti abúlé ti yàtọ̀

Mo ní òfin kò mọ ìlú yàtọ̀ sí abúlé. Ibì kan wà tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa: ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin ìlò ilẹ̀ ti 1978 ní ilẹ̀ tó bá wà ní ìgboro, ọwọ́ gómìnà ni ìṣàkóso rẹ̀ wà. Èyí tó bá wà ní ìgbèríko, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Ta ló ń sọ pé ibí yìí di ìgboro? Gómìnà ni, nípa títẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde ìjọba ìpínlẹ̀. Abúlé tí ẹ fojú rí, tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ kiri níbẹ̀, lè ti di ìgboro nínú ìwé yẹn láti ọdún pípẹ́.

Èyí ti ta ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́pa. Ẹnìkan á ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, á gba ìwé lọ́wọ́ káńsù, á gbé e pamọ́ sínú àpótí bí ìwé ẹ̀rí. Lọ́jọ́ tó bá lọ fi yá owó ní báńkì, wọ́n á sọ fún un pé káńsù kò lágbára lórí ilẹ̀ ìgboro, ìwé gómìnà ló yẹ kó ní. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: ṣé wọ́n ti kéde ibí yìí ní ìgboro àbí wọn ò tíì kéde rẹ̀? Ọ́fíìsì ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀ ló ní ìdáhùn, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀.

Àwọn tó ń ka èèyàn náà ní òṣùwọ̀n tiwọn. Ní 1952, ibi tó bá ní èèyàn 5,000 ni wọ́n kà sí ìlú ńlá. Láti 1963 wọ́n gbé e sí 20,000. Ìṣirò lásán nìyẹn. Ìlú tó bá pé 20,000 lónìí kò ní rí alága tuntun, kò sì ní rí owó kankan lórí rẹ̀.

Àbújá, Òkè Ọya, ilẹ̀ Ìgbò

Àbújá yàtọ̀. Kò ní gómìnà. Ààrẹ ló ni ín, mínísítà ló sì ń bá a ṣe é, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ń ṣòfin fún un bí ẹni pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni. Káńsù mẹ́fà tó wà níbẹ̀ ni Abaji, Abuja Municipal, Bwari, Gwagwalada, Kuje àti Kwali. INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò ìdìbò wọn.

Ní Òkè Ọya, lábẹ́ ẹ́míà ni hákímì wà, dagaci tó ń wo abúlé wà lábẹ́ hákímì, mai unguwa tó ń wo àdúgbò sì wà lábẹ́ dagaci. Ó jọ ètò ọba, baálẹ̀ àti baálé tiwa, àmọ́ tiwọn tò lẹ́sẹẹsẹ ju tiwa lọ. Nílẹ̀ Ìgbò, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń kéde ìlú kọ̀ọ̀kan bí ìlú tó dá dúró kó tó lè ní ọba tí ìjọba mọ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ibẹ̀ sì sábà máa ń lágbára tó káńsù, tàbí kó jù ú lọ.

Wọ́ọ̀dù yín

Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́ọ̀dù wà. Nàìjíríà ní 8,809, káńsẹ́lọ̀ kan sì ń ṣojú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káńsẹ́lọ̀ ni aṣòfin tó sún mọ́ yín jù lọ, bóyá òun náà ni ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ jù lọ. Tí ẹ kò bá mọ wọ́ọ̀dù tí ẹ wà, ẹ yọ káàdì ìdìbò yín jáde. Ẹ ó rí DELIM lára rẹ̀ àti nọ́ńbà ọ̀wọ́ mẹ́rin níwájú rẹ̀. Èkíní ni ìpínlẹ̀: 24 ni Èkó, 30 ni Ọ̀yọ́, 13 ni Èkìtì. Èkejì ni ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀kẹta ni wọ́ọ̀dù, ẹ̀kẹrin ni ibùdó ìdìbò. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà máa ń tú àṣírí: KJA ni Ìkẹjà, MUS ni Múṣín, ìyẹn kàn ń sọ ibi tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ibi tí olówó ọkọ̀ ń gbé.

Bí èmi àti bàbá ṣe rí ojú ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Káàdì tirẹ̀ àti tèmi kò jọra ní ọ̀wọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ títì kan ṣoṣo ló là wá láàárín. A pín lẹ́tà náà sí méjì, a wá káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn méjèèjì wá láàárọ̀ Sátidé kan, olúkúlùkù dúró sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn láti òdìkejì títì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ko. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó kan ọwọ́ òsì, ní gbogbo ìgbà yẹn, omi tí ìdọ̀tí ọwọ́ òsì dá dúró ń gba orí títì kọjá wá sínú gọ́tà tiwa tó mọ́.